Git: bí a ṣe ń yan irú HTTP tí iṣẹ́ wa máa gbà kọjá

Git ni irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn. Àtúnṣe tí èèyàn bá ní kó fi pamọ́, ó máa ń rántí ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tó ṣe é. Linus Torvalds, ọmọ Fínlándì, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nítorí iṣẹ́ Linux.

Tí a bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sókèèrè, Git lè gba HTTP kọjá. Ṣùgbọ́n HTTP kì í ṣe ẹyọ kan. HTTP/1.1 ti wà láti 1997: bí ìbéèrè bá pọ̀ lórí okùn kan, ṣe ni wọ́n ń tò tẹ̀léra. HTTP/2 dé ní 2015, òun lè kó púpọ̀ pọ̀ sórí okùn kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Git fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, libcurl ló ń rán níṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kí libcurl tó di 7.62.0 ní oṣù kẹwàá 2018, 1.1 ló ń lò bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ nǹkan kan. Láti ìgbà yẹn, HTTP/2 ló kọ́kọ́ ń bèèrè lórí HTTPS. Nítorí náà, èèyàn méjì lè máa lo Git kan náà, kí iṣẹ́ ẹnì kan lọ, kí ti ẹnì kejì kọ̀. NTLM, tí àwọn iléeṣẹ́ kan fi ń wọlé sórí Windows, ò bá HTTP/2 ṣe rárá.

Git 2.21, tó jáde ní oṣù Kejì 2019, ló mú http.version wá, kí ẹni tó ń lò ó lè yan fúnra ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá já lójú ọ̀nà, tí ẹ sì rí «HTTP/2 stream» nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ, ẹ wọ inú àpò iṣẹ́ yẹn, kí ẹ kọ:

git config http.version HTTP/1.1

Iṣẹ́ yẹn nìkan ló máa kàn. Tí ẹ bá fi --global sí i lẹ́yìn config, ó di ti gbogbo iṣẹ́ yín. Láti yọ ọ́:

git config --unset http.version

Ẹ má dúró kó já lẹ́ẹ̀mẹ́ta o! Git kì í tẹ̀síwájú láti ibi tó já sí, àtìbẹ̀rẹ̀ ló máa padà sí, owó mẹ́gà yín ló sì ń jẹ. Bí ó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa, yíyan 1.1 ò lè tún un ṣe. Ẹni tó bá sì ń gba SSH kọjá, ètò yìí ò kàn án.