Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Kútọnu àti Owó Epo Nàìjíríà

Bí a bá ń sọ ìtàn epo rọ̀bì Nàìjíríà, Olóìbírí, Èkó àti Abuja la sábà máa ń dárúkọ. Àwa rò pé ìtàn náà kò pé bí a kò bá dárúkọ Kútọnu ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Owó epo wa ló sọ ọjà ìlú náà di ńlá, òun náà ló sì dà á rú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ààlà. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tó pín ilẹ̀ náà. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ìmẹ̀kọ àti Ìlaròó bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pín ẹbí, ṣùgbọ́n wọn kò rí òwò pín. Títí dòní, àwọn Yorùbá wà lára àwọn tó ń pàtẹ ní ọjà Dantokpa.

Ní 1965 ni wọ́n ṣí èbúté ìgbàlódé Kútọnu. Nàìjíríà ti ń ta epo rọ̀bì sókè òkun láti 1958, ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo fò sókè ní 1973 sí 1974 ni owó ya wọ ìlú gan-an. Gbogbo ènìyàn ń fẹ́ ọjà òkèèrè. Ní 1975, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì wá tò rẹrẹẹrẹ ní Àpápá, wọn kò ríbi já ẹrù. Èbúté tó wà nítòsí kò lè ṣàìrí jẹ níbẹ̀.

Báwo ni òwò náà ṣe ń lọ? Bí ìjọba Nàìjíríà bá fòfin de ìrẹsì, adìẹ inú yìnyín tàbí ọkọ̀ tòkúnbọ̀, tàbí tó bu owó gọbọi lé wọn, Kútọnu á gbà wọ́n wọlé ní owó pọ́ọ́kú. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ á gba owó orí ẹrù, fàyàwọ́ á sì gbé ẹrù sọdá. Epo bẹntiróòlù ń gba ọ̀nà kan náà padà. Nítorí owó ìrànwọ́ tí ìjọba Nàìjíríà máa ń san lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó pọ́n dandan nígbà náà kí ó rọjú ju ti Kútọnu lọ. Àwọn ọlọ́kadà á di í sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á sì tà á nínú ìgò lẹ́bàá títì. Kpayo ni wọ́n ń pè é.

Èrè ọjà yìí kò ti inú ohun tí Kútọnu ń ṣe jáde. Inú ìyàtọ̀ owó ìhín àti ọ̀hún ló ti ń jáde, Nàìjíríà ló sì ń pinnu bí ìyàtọ̀ náà yóò ti tó.

Ní oṣù Kẹrin 1984, ìjọba Ọ̀gágun Buhari ti ẹnubodè pa, kò sì ṣí i títí di 1986. Ní ọdún 1986 náà ni owó epo já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Nígbà tí yóò fi di 1989, àwọn báǹkì Bẹ̀nẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì rí owó oṣù gbà. Ọ̀ràn Nàìjíríà nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2019 ni wọ́n tún ti ẹnubodè; oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Ṣẹ̀mẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ọlọ́pẹ̀ òyìnbó ní Bẹ̀nẹ̀ pàdánù oníbàárà. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu sì kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin, kíá ni kpayo gbówó lórí ní Kútọnu.

A kò gbè sẹ́yìn fàyàwọ́. Àgbẹ̀ onírẹsì ní Nàìjíríà náà mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó fọwọ́ sí òfin kọ́ ló ń jìyà rẹ̀; ọlọ́kadà oníkẹ́ẹ̀gì àti ìyá aláte ló ń jẹ ẹ́. Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọjà tí ọ̀nà kan ṣoṣo bá wọ̀, ẹni tó ni ọ̀nà ló ni ọjà.