Wíwọn ìmọ́lẹ̀ nófà

Wíwọn ìmọ́lẹ̀ nófà jẹ́ iṣẹ́ kan nínú ìmọ̀ ìràwọ̀, nínú èyí tí a ti ń fi ìràwọ̀ tí ó tàn lójijì wé àwọn ìràwọ̀ mìíràn tí a ti mọ bí ìmọ́lẹ̀ wọn ṣe tó, tí a sì ń kọ iye tí a bá rí sílẹ̀ lálaalẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ náà yóò fi lọ sílẹ̀ padà. Ọwọ́ àwọn olùfẹ́ ìràwọ̀ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí wà, ìyẹn àwọn ènìyàn tí wọ́n ní iṣẹ́ òòjọ́ mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò sì sanwó fún láti máa wo ojú ọ̀run. Bí nófà bá mọ́lẹ̀ dáadáa, ojú lásán tàbí awò olójú méjì ti tó láti wọ̀n ọ́n, àní láàárín ìlú ńlá bíi Èkó.

Ohun tí nófà jẹ́

"Tuntun" ni nófà túmọ̀ sí ní èdè Látìnì, ṣùgbọ́n nófà kì í ṣe ìràwọ̀ tuntun. Ìràwọ̀ méjì tí ń yí ara wọn po ni. Ọ̀kan jẹ́ aràrá funfun, ìràwọ̀ tí ó ti gbó, tí kò tóbi ju ayé wa lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ó wúwo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oòrùn. Aràrá yìí máa ń fa gáàsì háídrójìn láti ara ìkejì rẹ̀. Gáàsì náà ń kó jọ sí ojú rẹ̀ títí ooru àti ìfúnpọ̀ yóò fi pọ̀ débi pé yóò gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbúgbàù yìí kì í fọ́ aràrá náà, èyí sì ni ó ya nófà sọ́tọ̀ kúrò lára súpánófà. Lẹ́yìn rẹ̀, gáàsì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Nínú òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìràwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ìràwọ̀ tí ó wà ní ìwọ̀n 1 mọ́lẹ̀ ju èyí tí ó wà ní ìwọ̀n 6 lọ ní ìlọ́po 100, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po méjì àbọ̀.

Ẹni tí ó ń wo nófà yóò wá ìràwọ̀ méjì nítòsí rẹ̀, ọ̀kan tí ó mọ́lẹ̀ jù ú lọ àti ọ̀kan tí kò mọ́lẹ̀ tó o. Bí ọ̀kan bá wà ní ìwọ̀n 2.2, tí èkejì sì wà ní 4.1, tí nófà náà sì jọ pé ó wà ní ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ láàárín wọn, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.8. Àwọn ìràwọ̀ tí ó wà ní gíga kan náà ni ó dára láti fi ṣe é, nítorí pé afẹ́fẹ́ máa ń dín ìmọ́lẹ̀ èyí tí ó bá súnmọ́ ilẹ̀ kù. Kò sì yẹ kí a tẹjú mọ́ ìràwọ̀ pupa pẹ́, torí yóò máa dà bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

A ó kọ ọjọ́, aago, ìwọ̀n tí a rí àti orúkọ àwọn ìràwọ̀ tí a fi wé e sílẹ̀. Aago àgbáyé ni a ń lò. Ní Nàìjíríà, a ó yọ wákàtí kan kúrò nínú aago tiwa.

Ìtàn

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1866, John Birmingham ní ilẹ̀ Ireland rí i pé ìràwọ̀ T Coronae Borealis ti tàn. Ó fi tó William Huggins létí, ẹni tí ó pín ìmọ́lẹ̀ náà sí àwọ̀ rẹ̀, tí ó sì rí àmì háídrójìn gbígbóná nínú rẹ̀. 

Ní Áfríkà, òṣìṣẹ́ tẹligíráàmù kan tí ń jẹ́ Watson, ní Gúúsù Áfríkà, ni ó kọ́kọ́ rí nófà RR Pictoris ní oṣù Karùn-ún ọdún 1925. Nófà náà ṣì ń mọ́lẹ̀ sí i nígbà tí ó rí i, èyí sì mú kí àwọn onímọ̀ lè bá a láti ìgbà tí ó ń lọ sókè.

Ọdún 1911 ni William Tyler Olcott dá ẹgbẹ́ AAVSO sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ ni Leslie Peltier, ará ìgbèríko ìpínlẹ̀ Ohio. Ó ju ogún ọdún lọ tí ó fi ń ṣọ́ T Coronae Borealis. Ní òru kan ní oṣù Kejì ọdún 1946, ó jí láti wo ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ó rí i pé òtútù fẹ́ mú òun, ó sì padà sùn. Òru yẹn gan-an ni ìràwọ̀ náà bú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Starlight Nights, tí ó jáde ní ọdún 1965.

T Coronae Borealis máa ń bú ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sí ara wọn. Ìwọ̀n 10 ni ó sábà máa ń wà, tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí ó bá bú, ó máa ń dé nǹkan bí 2, ìyẹn ìlọ́po tí ó ju 1,500 lọ. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ojú lásán fi ń rí i. Ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kéde pé ìbúgbàù tí ó kàn ti súnmọ́.

Wíwò láti Èkó

Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìràwọ̀ àríwá àti ti gúúsù ni ó ń gba ojú ọ̀run rẹ̀ kọjá. T Coronae Borealis máa ń gòkè dé nǹkan bí ìwọ̀n 70, tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Yábàá tàbí Múṣin kò lè dí. RR Pictoris kì í ju nǹkan bí 21 lọ ní ìhà gúúsù, nítorí náà ó gba ibi gbalasa tàbí òkè ilé.

Ojú ọjọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Oṣù Keje ni T Coronae Borealis máa ń wà lókè ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà òjò nìyẹn. Ní oṣù Kìíní, tí òjò ti dá, ẹ̀yìn ọ̀gànjọ́ òru ni ó ń yọ, eruku ọyẹ́ sì máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ìṣòro kejì ni iná ìlú. Bí iná bá lọ ní Súrùlérè, òkùnkùn máa ń pọ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n iná jẹnẹrétọ̀ àti ti sólà kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú tán. Awò olójú méjì máa ń ran ojú lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá rí ìràwọ̀ àjèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe Àgùàlà tàbí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, nítorí àwọn yìí máa ń kúrò ní ipò wọn láàárín àwọn ìràwọ̀. Nófà kì í kúrò.

Ìwúlò

Bí ìmọ́lẹ̀ nófà ṣe yára lọ sílẹ̀ tó máa ń jẹ́ kí àwọn onímọ̀ díwọ̀n bí ìbúgbàù náà ṣe lágbára tó, àti bí aràrá funfun náà ṣe wúwo tó. Wákàtí tí ó ń lọ sókè ni ó ṣòro jùlọ láti rí gbà, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ òru tí yóò jẹ́. Bí ìkúùkù bá bo ibì kan, àkọsílẹ̀ ibòmíràn ni yóò dí àlàfo náà. Òru tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ sílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Fún T Coronae Borealis, yóò tó ọgọ́rin ọdún kí irú rẹ̀ tó tún wáyé.