Èèrí Inú Oúnjẹ àti Àwọn Tí Ń Jẹ Ẹ́

Bí a bá sẹ́ ògì tán, ohun tí ó kù lórí asẹ́ ni èèrí. Ewúrẹ́ ló ni ín. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fi wo apá kan nínú oúnjẹ ọmọ ènìyàn fún ìgbà pípẹ́. Mo gbà pé asẹ́ tiwọn ló ṣì wọ́n lọ́nà, ìtàn asẹ́ náà ni mo sì fẹ́ sọ.

Ní Weende, lẹ́bàá ìlú Göttingen ní Jámánì, láti bí 1860, Wilhelm Henneberg àti Friedrich Stohmann ń wá ọ̀nà láti mọ bí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ti dára tó. Wọ́n á sè é nínú ásíìdì, wọ́n á tún un sè nínú sódà tí ń jó ni lára bí èyí tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò. Ìyókù ni wọ́n á gbẹ, tí wọ́n á gbé sórí òṣùwọ̀n, tí wọ́n á sun, tí wọ́n á sì yọ ìwọ̀n eérú kúrò nínú rẹ̀. Èyí ni fáíbà wọn. Ṣùgbọ́n ikùn ta ni ń hó bí ìkòkò ásíìdì? Púpọ̀ nínú ohun tí ikùn ènìyàn kò lè dà ni ìsè náà ti yọ́ dànù. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n màlúù yìí ni wọ́n fi wọn oúnjẹ ènìyàn títí di ọ̀rúndún ogún.

Ní 1929, R. A. McCance àti R. D. Lawrence gbé ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí àwọn alárùn àtọ̀gbẹ. Wọ́n pín sítáàṣì, ṣúgà àti àwọn ìbátan wọn sí ọ̀nà méjì: èyí tí ara rí lò, àti èyí tí ara kò rí lò. Ìpín náà wúlò fún aláìsàn. Lójú tèmi, síbẹ̀, orúkọ kejì yẹn ti ìlẹ̀kùn kan. Ohun tí a bá ti pè ní aláìwúlò, ta ni yóò tún yà wò ó?

Àwọn dókítà méjì tí ó ti pẹ́ ní Ùgáńdà, Denis Burkitt àti Hugh Trowell, wà lára àwọn tí ó ṣí i. Wọ́n rí i pé àìsàn ìfun ńlá tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ará abúlé tí wọ́n ń tọ́jú. Ní 1972, Trowell sọ pé fáíbà ni apá ara ewéko tí omi inú ènìyàn kò lè dà. Irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ asẹ́ mìíràn: ẹ́ńsáìmù, bí ti inú ènìyàn, dípò ásíìdì. Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ AOAC ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1985 ń fi ẹ́ńsáìmù da sítáàṣì àti pùrótéènì. Lẹ́yìn náà wọ́n á da ọtí líle sí i, kí ìyókù lè silẹ̀.

Ibí yìí ni ẹ̀wà ti já wọn kulẹ̀. Ẹ̀wà ní ṣúgà méjì, raffinose àti stachyose, tí a kò ní ẹ́ńsáìmù láti dà. Inú ọtí ni àwọn méjèèjì yọ́ sí, asẹ́ ò sì rí wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó jẹ ẹ̀wà lálẹ́ kò nílò yàrá ìwádìí kankan kó tó mọ̀ pé nǹkan kan dé ìsàlẹ̀ ikùn! Àwọn bakitéríà inú ìfun ńlá ń mú wọn kan, gẹ́gẹ́ bí ògì ti ń kan nínú ìkòkò, gáàsì háídírójìn sì ń jáde. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe háídírójìn; ẹ̀jẹ̀ ń gbé apá kan rẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Michael Levitt fi hàn ní 1969 pé a lè tipa èémí mọ ohun tí ń lọ nínú ìfun.

Gáàsì nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ásíìdì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, ní pàtàkì acetate, propionate àti butyrate. W. E. W. Roediger fi hàn ní 1980 pé butyrate ni awọ inú ìfun ńlá fẹ́ràn jù láti fi ṣe agbára. Èèrí náà di oúnjẹ.

Asẹ́ tí Barry McCleary gbé jáde, tí AOAC sọ ní 2009.01, yàtọ̀. Ó ń fi ẹ́ńsáìmù da oúnjẹ fún wákàtí 16 ní ìwọ̀n ooru 37, èyí tí í ṣe ti ara wa, ó sì ń ka àwọn ṣúgà kéékèèké náà. Ní 2009 kan náà, ìgbìmọ̀ Codex fi sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti pinnu bóyá èyí tí ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́sàn-án bá so pọ̀ di ọ̀kan yóò wọ inú ìṣirò fáíbà. Mẹ́ta ló so pọ̀ di raffinose; mẹ́rin ló di stachyose.