Àdápítà fún Ìrìn-àjò Òkè Òkun: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Dì Í Sínú Ẹrù

Láti ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni àdìrẹ Ẹ̀gbá ti ń gba ọ̀nà jáde lọ sí Kútọnu, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Lóde òní, ẹni tí ó bá gbé aṣọ lọ tà ní òkèèrè kò lè ṣe é láìsí fóònù. Inú rẹ̀ ni àwòrán aṣọ wà, òun ni oníbàárà ń pè, òun náà ni a fi ń mọ̀ pé owó ti wọlé. Bí fóònù bá kú nítorí pé púlọ́ọ̀gì kò wọ ihò iná ibẹ̀, ọjà ọjọ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún àwọn oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́, arìnrìn-àjò Hájì àti gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ yìí tí ó ń múra ìrìn-àjò.

Ohun tí àdápítà ń ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Iṣẹ́ àdápítà kò ju pé kí ó mú kí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì wa wọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ òkèèrè. Kò fi kún agbára iná, bẹ́ẹ̀ ni kò dín in kù. Tiransifọ́mà ni ó ń yí agbára iná padà, ó sì máa ń wúwo ju àdápítà lọ. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn rò pé, níwọ̀n ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ti wọlé, iná ti bá irinṣẹ́ òun mu. Wíwọlé ọ̀tọ̀, bíbáramu ọ̀tọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka ara irinṣẹ́ yín

Agbára iná tí a ń lò ní Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Kí ẹ tó ra àdápítà, ẹ wo ara ṣájà, níbi tí a kọ INPUT sí. Bí ẹ bá rí 100–240V, 50/60Hz níbẹ̀, irinṣẹ́ náà lè ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè gbogbo, àdápítà nìkan ni ó kù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ 220–240V nìkan ni a kọ, bí ó ti máa ń rí lára áyọ́ọ̀nù, ẹ má gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Áyọ́ọ̀nù wa yóò tàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan ohun tí ó ń mú jáde nílé. Ó sàn kí a lọ àdìrẹ dáadáa kí a tó dì í, tàbí kí a lo áyọ́ọ̀nù ẹni tí ó gbà wá lálejò.

Ewu tí ó tóbi jù wà nínú ìpadàbọ̀. Irinṣẹ́ tí a kọ 120V nìkan sí lára, tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, yóò gba iná tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bí a bá tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Abẹ́òkúta. Ooru irinṣẹ́ alooru yóò sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ó lè jóná lójú ẹsẹ̀, ó sì lè dá iná sílé. Àdápítà kò lè gbà á là.

Irú ihò iná tí ẹ ó bá pàdé

• Gánà àti Bìrìtéènì: ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta bíi tiwa, fóòtì 230. A kò nílò àdápítà.
• Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò: ẹsẹ̀ róbótó méjì, fóòtì 220. Ẹni tí ó bá gba Ìdí-Ìrókò kọjá kò tíì jìnnà sílé tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò fi ní wọlé mọ́.
• Faransé àti Jámánì: ẹsẹ̀ róbótó méjì, fóòtì 230.
• Amẹ́ríkà àti Kánádà: ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹsẹ̀ róbótó kan, fóòtì 120.
• Sáúdí Arébíà àti Dubai: ẹsẹ̀ mẹ́ta bíi tiwa ni ó wọ́pọ̀. Ní Sáúdí, ẹ béèrè agbára iná ilé tí ẹ wọ̀ sí kí ẹ tó lo irinṣẹ́ alooru.
• Gúúsù Áfíríkà: ẹsẹ̀ róbótó ńlá mẹ́ta wọ́pọ̀, fóòtì 230.
• Brazil: fóòtì 127 ní ibì kan, 220 ní ibòmíràn. Ẹ béèrè kí ẹ tó so ohunkóhun.

Yíyan àdápítà

Ẹ wo iye áḿpù tí a kọ sí i lára. Bí a bá sọ áḿpù di púpọ̀ pẹ̀lú fóòtì, a ó mọ iye wáàtì tí ó lè gbé: áḿpù 6 ní fóòtì 230 jẹ́ wáàtì 1,380. Irinṣẹ́ tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò mú kí àdápítà gbóná kí ó sì yọ́. Irinṣẹ́ tí ara rẹ̀ jẹ́ irin, tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kẹta, nílò àdápítà tí ó ní ojú ìsopọ̀ fún wáyà ilẹ̀, nítorí wáyà yìí ni ó ń dáàbò bo ènìyàn bí iná bá kan irin náà. Ẹ má ṣe to àdápítà lé àdápítà lórí.

Dídì wọ́n sínú ẹrù

Ẹ fi àdápítà àti ṣájà sínú báàgì ọwọ́, kí ẹ lè rí wọn lò bí ẹrù ńlá bá pẹ́ kí ó tó dé. Inú báàgì ọwọ́ náà ni power bank gbọ́dọ̀ wà. Òfin ọkọ̀ òfuurufú kò gbà á nínú ẹrù tí a fi sábẹ́ ọkọ̀, nítorí bí ó bá gbiná níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tètè rí i. Èyí tí agbára rẹ̀ kò ju Wh 100 lọ kò nílò ìyọ̀ǹda. Èyí tí ó wà láàárín 100 sí 160 nílò ìyọ̀ǹda ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Èyí tí ó ju 160 lọ kò ṣeé gbé. Láti ṣírò rẹ̀, ẹ sọ mAh di púpọ̀ pẹ̀lú 3.7, kí ẹ sì fi 1,000 pín in: 20,000 mAh jẹ́ Wh 74. Bí òǹkà ara rẹ̀ bá ti pa rẹ́, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ kó gbogbo irinṣẹ́ jọ, ẹ ka ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì dán ṣájà wò nínú àdápítà bóyá ó dúró ṣinṣin. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.