Agbọ́n tó gba ẹ̀gẹ́ là

Ẹ̀bà tí à ń jẹ lónìí, ọwọ́ agbọ́n kan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1970 ni kòkòrò funfun kan, bí èyí tí wọ́n bu ẹ̀lùbọ́ sí lára, bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu ní Kóńgò. Kò sí akọ nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n ń yé, wọ́n ń pa. Kò pẹ́ tó fi wọ Nàìjíríà.

Hans Herren, ọmọ Switzerland tó wà ní IITA n'Ìbàdàn, kò gbójú lé oògùn apakòkòrò (àgbẹ̀ mélòó ló lè rà á?). Wọ́n wá ọ̀tá kòkòrò náà lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀ wá. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí jọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe òun. Àwọn ọ̀tá tirẹ̀ kò tilẹ̀ fọwọ́ kan tiwa. Ọdún 1981 ni Tony Bellotti rí ojúlówó ní Paraguay. Agbọ́n bíńtín kan wà níbẹ̀ tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ọmọ agbọ́n á sì jẹ ẹ́ láti inú títí á fi kú. Wọ́n yẹ agbọ́n náà wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tú u sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tó yá, bàálù ni wọ́n fi ń dà á sóko káàkiri Áfíríkà.

Herren gba World Food Prize lọ́dún 1995. Àwọn àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀.