Tiger àbí Joshua?

Ní Òkè Padre, bí iyàn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò bá bẹ̀rẹ̀, Anthony Joshua ọmọ Ṣágámù ni gbogbo ẹnu ń pè. Kò burú: lọ́dún 2017 ó ṣubú, ó dìde, ó sì borí Klitschko. Dick Tiger wá ńkọ́? Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1963, ní Liberty Stadium, n'Ìbàdàn wa níbí, ó lu Gene Fullmer débi pé ìyẹn ò lè jáde fún ráwúndì kẹjọ. Ìwọ̀n wọn ò dọ́gba, ìgbà wọn ò dọ́gba: ráwúndì 15 ni ti Tiger, 12 ni ti Joshua. Àmọ́ lọ́dún 1966, Tiger ẹni ọdún 37 lọ kojú José Torres tó wúwo jù ú, ó sì gba bẹ́líìtì ẹ̀. Lójú tèmi, òun lọ̀gá. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kó sọ tiẹ̀.