Bí Àwòrán Yíyà Ṣe Di Ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ìwé

Kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ wa ni iṣẹ́ ọnà ti wà. Ọmọ agbẹ́gilére a máa jókòó ti baba rẹ̀, a máa gbá èérún igi, a máa pọ́n ọ̀bẹ, títí ọwọ́ òun náà yóò fi mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìjọ onígbàgbọ́ dá ilé-ìwé sílẹ̀, akọ̀wé, olùkọ́ àti oníwàásù ni wọ́n ń wá. Ère di ohun ìbọ̀rìṣà lójú wọn. Àwòrán yíyà sì di eré ọmọdé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan, Àìná Onabolu, tí a bí ní 1882, kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni ó ti ń wo àwòrán inú ìwé òyìnbó yà, láìsí olùkọ́ kankan. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà ló rò pé ènìyàn dúdú kò lè ya ènìyàn kí ó jọra. Iṣẹ́ ọwọ́ ni Onabolu fi dá wọn lóhùn. Ní 1920 ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní London, ó sì dé Paris. Nígbà tí ó padà ní 1922, ó ń kọ́ni ní Èkó, ó ń ti King's College bọ́ sí CMS Grammar School àti àwọn mìíràn. Bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú ẹni tí ń wò ó ni ó tẹnu mọ́ jù, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní ‘Mr. Perspective’. Ọmọ ilé-ìwé kò kúkú yàtọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Òun nìkan kò lè kárí. Ó rọ ìjọba kí wọ́n mú olùkọ́ wá láti òkè òkun, Kenneth Murray sì dé ní 1927. Àfi bí àlejò náà ṣe yà kúrò lọ́nà ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ fún wíwá rẹ̀! Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ ya ọjà, ọdún ìbílẹ̀ àti ìgbésí ayé ìlú wọn, kí wọ́n má ṣe sín Yúróòpù jẹ. Ní ti Onabolu, ìmọ̀ ni fífi ojú wọn nǹkan, kì í ṣe ogún òyìnbó. Ọ̀rọ̀ Murray bu ọlá fún ọnà wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún ẹni tí ó ti yó láti sọ fún ẹlòmíràn pé oúnjẹ náà kò yẹ ẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Murray kọ́ ní Ìbàdàn àti Umuahia ni Ben Enwonwu. Onitsha, létí odò Ọya, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Odekpe, ni a ti bí i ní 1917. Agbẹ́gilére ni baba rẹ̀. Ní 1937 wọ́n pàtẹ iṣẹ́ òun àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Zwemmer Gallery ní London. Òun náà ṣe olùkọ́, kí ó tó lọ sí London ní 1944, níbi tí ó ti kọ́ irú ìyàwòrán tí Onabolu ń jà fún ní Slade.

Títí di òní, olùkọ́ tí ó bá dúró níwájú àwọn ọmọ ní Odekpe tàbí ní Ìjẹ̀bú yóò bá àríyànjiyàn náà pàdé: ṣé ife orí tábìlì ni kí ọmọ kọ́kọ́ yà, tàbí eégún tí ó rí lánàá? Enwonwu kò fi ọ̀kan sílẹ̀ fún èkejì. Ère idẹ rẹ̀, Anyanwu, tí ó ṣe ní 1954 sí 1955, ni wọ́n gbé síwájú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èkó, ilé tí Murray sapá títí tí wọ́n fi ṣí i ní 1957.